Irin Kékeré Tí Mo Fojú Fò Dá

Lọ́dún yẹn, òórùn gọ́ọ̀mù àti ti ọparun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló gba gbogbo pálọ̀ wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tábìlì ìjẹun ti di rélùwéè. Egungun agboòrùn tó ti bàjẹ́ ni mo fi ṣe irin, mo gé ọparun pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ fún àwọn pákó tó ń dábùú lábẹ́ rẹ̀, mo sì fi asẹ́ gàrí sẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ dà sáàárín wọn. Asẹ́ tuntun ni o! Gàrí olókùúta ni ọkọ mi mu lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní eyín òun ń ké gbàjarè. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ọwọ́, a sì fẹ́ ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti fọ́nnu fún ọ̀gá àgbà pé ọkọ̀ ojú irin mi á rìn, á sì yà ní oríta lójú gbogbo òbí.

Rírìn, ó ń rìn. Yíyà ni kò yà. Tó bá ti dé ibi tí irin ti pín sí méjì, gbì, ó ti ṣubú. Mo tún un lẹ̀, mo fi fáìlì họ ọ́, mo tiẹ̀ bú u. Fọ́tò oríta irin gidi kan ni mo ń wò ṣe é, mo sì ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àfi irin kékeré kan báyìí tó sùn ti irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní àgékù ni, àwọn òṣìṣẹ́ ló gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn kí nǹkan mọ́ tónítóní, mo fojú fò ó dá.

Gbogbo ìgbà yẹn, bàbá mi ń bẹ nínú ilé. Iṣẹ́ títọ́jú ojú irin ni wọ́n ṣe ní rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n á wò ó dáadáa, wọ́n á ní, “O kú iṣẹ́ o,” wọ́n á bá tiwọn lọ. Èmi náà ò bi wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́: ojú ń tì mí. Oníṣòwò pọ̀ nínú ìdílé wa, àwọn àbúrò bàbá mi ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, wọ́n a sì máa fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, “Alùrin inú igbó.” Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá ní ká kọ iṣẹ́ òbí sínú fọ́ọ̀mù, “òṣìṣẹ́ ìjọba” ni mo máa ń kọ. Nígbà tí mo wá gboyè, ó tún wá le fún mi láti tọrọ ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ìpàtẹ ku ọ̀la, ọkọ̀ náà tún ṣubú, mo bá bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.”

Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ irin náà lọ títí dé oríta. “Irin kékeré ẹ̀gbẹ́ ibí yìí dà?”

“Mo rò pé àgékù ni, sà.”

“Àgékù! Sùbúhánálláhì!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ṣàlàyé pé àlàfo gbọ́dọ̀ wà ní oríta, kí etí wíìlì tó yọ sísàlẹ̀ lè ríbi gbà kọjá. Tí wíìlì bá wà lórí àlàfo yẹn, kò sóhun tó ń tọ́ ọ sọ́nà mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan náà ló so ó mọ́ ìkejì ẹ̀. Irin kékeré yẹn ló máa di ìkejì mú lápá kejì, kí èyí tó wà lórí àlàfo má ṣìnà. Mo gé egungun agboòrùn, mo tẹ etí ẹ̀ méjèèjì díẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ yà wẹ́rẹ́. A ń dán an wò títí bátìrì fi fẹ́ kú, kò ṣubú.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí i?”

“Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.”

“Ẹ wá ń wò mí níran!”

“Máìlì tìẹ ni,” ni wọ́n wí. “Níbi iṣẹ́ wa, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní máìlì tiẹ̀ tó ń tọ́jú. A kì í fi òòlù kan máìlì ẹlòmíì àfi tó bá pè wá. Ká ní ọkọ̀ gidi ni, ǹ bá ti figbe ta.”

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ mi rìn, ó yà, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà ní, “Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?” Mo wo bàbá mi lórí àga láàárín àwọn òbí, mo rántí gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn. Orúkọ mi nìkan ló wà lórí káàdì iwájú tábìlì. Mo mú báírò, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, mo sì kà á sókè: “Bàbá mi, tó tọ́jú ojú irin.”

Bàbá dìde, wọ́n tún fìlà wọn ṣe lórí. “Kọ ọ́ pẹ̀lú,” ni wọ́n wí, “pé ọkọ̀ kankan ò ṣubú ní máìlì mi rí.”

Ariwo sọ! Orí mi wú, mo kọ ọ́. Káàdì náà wà lára ògiri pálọ̀ mi títí dòní, àlejò kì í sì í béèrè rẹ̀ parí tí màá fi dáhùn. Ọmọ ẹni tó tọ́jú ojú irin ni mí. Gbogbo ibi tí mo ti rìn tí n kò ṣubú, ọwọ́ bàbá mi ló dì mí mú.