Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Fà Pa Nínú Ìtàn Mínísítà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ mọ̀ mí. Tí wọ́n bá ti gbé máíkì fún mi, ó parí! Èmi ni ẹgbẹ́ wa níbí ní Dallas máa ń pè láti darí ètò. A wá gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí ní ìlú Ọba ń bọ̀ wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní Denton. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. A bẹ̀ ẹ́ pé kó yà sọ́dọ̀ wa, ó sì gbà. Ta ni wọ́n ní kó ka citation rẹ̀, ìyẹn ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀? Èmi náà ni!

Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ránṣẹ́, ojú ewé kan péré. Ó kọ bó ṣe kàwé nípa ọrọ̀ ajé, bó ṣe fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, títí tó fi di ẹni tó ń gbé àpótí pupa jáde níwájú gbogbo ayé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ka bọ́jẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìyẹn dùn mọ́ mi. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kò dùn mọ́ mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun ló dá tọ́ òun ní London, pé ìyá náà máa ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àwọn ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé orí àtẹ̀gùn ibẹ̀ lòun ti máa ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé òun.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ̀? Nínú citation? Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kò sí ẹni tí a máa ka ìtàn rẹ̀ láwùjọ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹni ńlá! Mo bá fi bírò fa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa. Mo kọ ọ́ pé ìdílé ọlá ni wọ́n bí i sí, pé bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olóyè ló rán an lọ kàwé lókè òkun.

Ìyàwó mi rí i, ó ní, "Baba Tólú, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Ẹ wá gbọ́ ohùn mi! Mo ka ìdílé ọlá, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ka bàbá olóyè, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Àlejò wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá àgbà kan tó jókòó níwájú ló ń wò. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ni.

Àlejò wa gba máíkì. Kò bá mi jà o. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá ní òun ò mọ bàbá tí mo ń sọ, nítorí pé bàbá òun ti fi ilé sílẹ̀ kí òun tó rìn. Ló bá ní kí màmá yẹn dìde.

Ó ní, "Àwọn ló rán mi nílé-ìwé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mansfield nítòsí ibí ni wọ́n ń gbé báyìí. Torí kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ iṣẹ́ wọn lónìí ni mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀."

Hà! Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Òógùn bò mí pẹ̀lú gbogbo AC tó ń fẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ètò parí, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá. Mo ní, "Ẹ foríjì mí, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí." Ẹ gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀! Ṣé tí wọn ò bá sí níbẹ̀, irọ́ náà ì bá dára ni?

Màmá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìtìjú mi lo fẹ́ bá mi bò? Mi ò ní ìtìjú kankan níbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, ó mọ́." Wọ́n wá bi mí pé iṣẹ́ wo lèmi ń ṣe.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ohun tí mo máa ń sọ fún yín. Mo máa ń ní mo wà ní health care. Àwọn kan nínú yín ń pè mí ní dókítà, mo sì ń dáhùn! Ṣùgbọ́n níwájú ìyá yẹn, ẹnu mi ò gbà á. Mo ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wà ní McKinney. Mo ní mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ diaper wọn, mo sì ń nu ìdí wọn. Ọdún kọkànlá rèé.

Màmá di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Wọ́n ní, "Ṣé o máa ń rọra ṣe é fún wọn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní, "Kí lo wá ń sá fún?"

Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: kì í ṣe màmá ni mo bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ara mi ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, tàbí tí òbí yín ṣe tọ́ yín, tí ẹ kì í fẹ́ kó jáde lẹ́nu yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá sì ń pè mí ní dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.