Ìbọn Géèmù Tí Ọkọ Àbúrò Mi Ṣe

Tí mo bá ti rí ọ̀dà pupa báyìí, inú á tún bí mi sí ọkọ àbúrò mi. Púlọ́mbà ni, ní Ìkirè. Páìpù omi àti sípíríǹgì ló fi ṣe ìbọn kan tó rí nínú géèmù orí fóònù rẹ̀, tó ń yin ọta oníke kéékèèké. Á dá géèmù dúró, á fi rúlà wọn ojú fóònù. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, "Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú géèmù" ló máa fi dá yín lóhùn.

Èmi ni mo kun ẹnu ìbọn náà ní pupa, kí aráyé lè mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò! "Ẹ̀gbọ́n, kò pupa nínú géèmù."

Ló bá gbé e kọ́ èjìká, ó gbé àbúrò mi tó lóyún sẹ́yìn ọ̀kadà, ó forí lé Àpòmù. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà nítorí ajínigbé rí ìbọn, wọ́n yin tiwọn sókè. Ọ̀kadà ṣubú. Apá àbúrò mi kán. Ọlọ́run ló kó ọmọ inú rẹ̀ yọ.

Mo bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Kí n tó lanu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọdẹ gan-an rò pé ìbọn gidi ni!"

Ó ń rẹ́rìn-ín.