Òyìnbó Kì í Ṣe Obìnrin

Títí dòní, tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń yin bàbá mi pé ó lawọ́, pé kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún àlejò, inú mi á tún ru. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àlejò ni kò fi pamọ́ fún.

Fèrè oparun ni iṣẹ́ ọ̀hún. Ní Kábbà, ìdílé wa ló ń fọn ọ́n tí àgbàlagbà bá kú, láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé òkú síta títí erùpẹ̀ á fi bò ó. Orin méje ni, bàbá mi sì mọ méjèèje. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó yẹ kó kọ́ ọ kò fẹ́ rí i sójú. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá kiri. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo máa ń gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, mo máa ń lu ihò sí i, mo sì máa ń fọn ọ́n lọ sódò. Lọ́jọ́ tí bàbá mi ká mi mọ́ ọn, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó ní, "Obìnrin kì í fọn fèrè nílé yìí."

Ó dáa. Èèwọ̀ ni, mo gbà.

Àfi ìgbà tí òyìnbó obìnrin kan dé. Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà yẹn, Ìlọrin ni wọ́n ti ń pín àwọn olùkọ́ fún wa. Akọrin ni, ó wá kọ́ wa ní orin ní ilé-ìwé àwọn obìnrin. Ó gbọ́ fèrè bàbá mi níbi ìsìnkú kan, ó sì wá a wálé. Ó kúnlẹ̀, ẹnìkan ti kọ́ ọ bí a ṣe ń kíni ní Kábbà, ó ní, "Okun o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kó dìde, kó jókòó.

Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bàbá mi kò jẹ́ kó fi ìka kan ihò fèrè rárá. Mímí nìkan ló ń kọ́ ọ, kó má baà dún bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ètè rẹ̀ bó. Ó fi òrí pa á, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Ta ló ń gbé àga fún un? Èmi ni. Ta ló ń bu omi? Èmi náà ni. Tí mo bá ti gbé omi kalẹ̀ tán, màá lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá máa fi ìka tẹ itan ara mi bíi pé ihò wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní obìnrin kì í fọn ọ́n. Èyí ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Ó ní, "Òyìnbó kì í ṣe obìnrin."

Kò fi ṣàwàdà o. Ó gbà á gbọ́. Òun àti obìnrin náà àti àwọn àgbà ọkùnrin jọ ń jẹun, ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń dáná fún wọn. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ máa ń pa òwe yẹn fáwọn ará àdúgbò.

Lọ́dún karùn-ún, òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrè kọ́ àwa ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Bàbá mi gbọ́, kò sì dá a dúró. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwé nìyẹn. Bí mo ṣe kọ́ orin ilé bàbá mi lẹ́nu àjèjì nìyẹn. Á di ìka mi mú, á ní, "Rárá, ìka kejì ni kí o gbé. Báyìí ni bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe é." Èmi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Oore ló ń ṣe mí, mo mọ̀, mo sì kórìíra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Mo mọ méjèèje kó tó padà sílùú rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń fi kọ́ni ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lè fọn fèrè mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ìlú Ìyàrá, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Inú mi dùn ní gbogbo ọ̀nà. Mo ní ó ti yé e wàyí. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó tì í, ó gbé fèrè lé itan.

Bàbá mi rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ní o mọ̀ ọ́n. Kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, kó lè fọn ọ́n fún mi níbi ìsìnkú mi."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi fọn ọ́n fún yín."

Ó ní, "Obìnrin ni ọ́."

Mo dìde. Mo ní kí wọ́n lọ ránṣẹ́ pe òyìnbó. Ọjọ́ yẹn náà ni mo wọkọ̀ padà sí Ìyàrá.

Kò pẹ́ tó kú. Wọ́n gbé e síta, kò sí ẹni tó máa fọn fèrè. Àgbà tó kù nínú ìdílé wa mú fèrè wá bá mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ọmọ mi, gbà á. Má jẹ́ kó lọ báyìí."

Mi ò gbà á. Wọ́n sin bàbá mi láìsí fèrè, èmi tí mo mọ orin méjèèje dúró létí kòtò, mo káwọ́ mi sẹ́yìn.