Ẹ̀rọ Omi Tí Àwọn Bàbá Wa Fi Ìjà Lé Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Treichville, ní Abidjan, ẹ̀yin ọmọ, orí àwa ọmọbìnrin ni omi ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yí irin nílé ìdáná tí omi ń tú jáde, tí ẹ tún ń kùn pé kò yára, ẹ fetí sílẹ̀. Mi ò ní rọra sọ ìtàn yìí fún yín, nítorí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi, bí mo tilẹ̀ ti dàgbà tó ẹni tó yẹ kó ti gbàgbé.

Àwọn òyìnbó Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ ni, lásìkò tí mò ń wí yìí. Agbo ilé ńlá kan là ń gbé, èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní "cour": yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, àgbàlá láàárín. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, àwọn díẹ̀ sì ti Kétu wá, ní ilẹ̀ Dahomey. Lójú àwọn onílẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wa. "Anango" ni wọ́n ń pè wá, ó sì parí. Àwa la mọ ohun tí a fi ya ara wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn àti olórí tiwọn, ará Ọ̀yọ́ ní tiwọn. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn ará ìlú rẹ̀ ló ń sin ín, àwọn yòókù á kàn wá kí wọn.

Ẹ̀bá títì ńlá la ti ń lọ pọn omi tí à ń mu. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún àìmọye òpópó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń to garawa sílẹ̀, ìgbà tí yóò bá sì fi kàn wá, oòrùn ti yọ. Àlọ kò nira, àbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Omi á máa dà sí wa lọ́rùn, òṣùká á rin gbindin, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí garawa bá sì já, ẹ̀yìn ìlà lo máa padà sí, wọn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ sílé ìwé. Omi tí mo bá pọn ni wọ́n fi ń wẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin kàwé o. Télọ̀ ni, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ ilé ìwé fún mi, aláwọ̀ búlúù, ó fi í kọ́ sára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Omi ló dá mi dúró. Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà, ó ní ìkókó lẹ́yìn, kò lè máa pọnmi kó tún bá àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́jà. Agogo ilé ìwé sì máa ń lù nígbà tí mo ṣì wà lórí ìlà. Ìyá mi wá sọ fún mi pé, "Bí wọ́n bá lè gbé ẹ̀rọ dé òpópó wa kí ilé ìwé tó wọlé, ìwọ náà á lọ." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí owó ọdún.

Ó sì dà bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́. Ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn ará mairie, fẹ́ ri ẹ̀rọ omi mọ́ àwọn òpópó kan, àti pé tiwa wà lára wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Kí àwa Anango mú olórí kan jáde. Ẹnu ọ̀nà olórí yẹn ni wọn yóò ri ẹ̀rọ mọ́, òun ni yóò sì máa mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí omi má baà máa ṣòfò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí kò ju báyìí lọ bó ṣe di ogun. Bí ẹ̀rọ bá wà lẹ́nu ọ̀nà ará Ọ̀yọ́, ará Ọ̀yọ́ ti di olórí ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Bó bá sì wà lọ́dọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, bákan náà. Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta abọ́ lọ́jà, ní àwọn ló kọ́kọ́ dé Treichville nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Olórí àwọn ará Ọ̀yọ́, tó ń ta aṣọ, ní níbo ni ọmọ ti ń ṣáájú baba? Ṣé ará ìlú Aláàfin ni yóò máa tọrọ omi lọ́wọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́? Bàbá alábọ́ fèsì pé Aláàfin kò sí ní Treichville, kò sì pọnmi níbẹ̀ rí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó pa àwa náà lẹ́rìn-ín. Àmọ́ nínú àwọn méjèèjì, ta ló gbé garawa rí? Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu wọn ti kò ni pé àwọn ará Kétu kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, pé ará Dahomey ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú wa lójú títì, orúkọ kan náà ló fi ń bú gbogbo wa.

Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń jà lọ́wọ́, àwọn ìyá wa ti parí ọ̀rọ̀. Orí ìlà omi ni wọ́n ti parí rẹ̀. Igi fúrùtù kan wà ní ìkángun òpópó, tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Abẹ́ rẹ̀ ni opó kan, ará Kétu, ti máa ń din àkàrà láti ìdájí. Àwọn ìyá wa ní kí wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ igi yẹn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ìyá alákàrà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó fi jọba lé òun lórí, kò sì sí ìgbà tí a débẹ̀ tí a kò ní bá a. Ìyàwó ará Ọ̀yọ́ àti ìyàwó ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàtẹ́wọ́ lé e lójú mi, wọ́n sì gbé omi wọn lọ sílé.

Ṣùgbọ́n obìnrin kì í dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà ọkùnrin nígbà náà. Ọkọ ló máa bá ọ gbé e lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ kàn ní "A ti gbọ́," wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ. Bàbá mi nìkan ló gbọ́ ọ lóòótọ́. Ìyá mi mú kó máa tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ilé kéú, títí ó fi dá a lójú pé kò ní gbàgbé.

Àgbàlá wa ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, nítorí òun ló fẹ̀ jù. Ọkùnrin kan wá láti mairie, ó gbé agolo ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì dání. Ibi tí a bá fi hàn án ni yóò kùn lọ́dà, kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ojú gbogbo àwa ọmọbìnrin wà lára agolo yẹn. Ó ń sọ Jùlá, èdè ọjà, àwọn bàbá wa náà sì gbọ́ ọ yéké, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé èdè ló fa á.

Ìmọ̀le gbàdúrà, onígbàgbọ́ gbàdúrà, wọ́n pa obì. Ó wá kan ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á sọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi kan ẹni tó kéré jù. Bàbá mi ló kéré jù nínú àwọn tó jókòó. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ọkùnrin mairie ní, "Ẹ̀yin Anango, ta ni olórí yín?" Bàbá méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fi ibì kan han òun. Wọ́n fi ibi méjì hàn án. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sọ ti ogun àwọn baba ńlá wọn, wọ́n sọ ti ẹni tó gba ẹni sílé nígbà tí kò rí ibi sùn ní Treichville, wọ́n sọ ti ẹni tí wọ́n bá ní ìsọ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ọjà. Wọn kò sọ ti omi. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo tọrọ gáfárà, ọ̀rọ̀ kan wà tí..."

Bàbá alábọ́ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ta nìyẹn? Kò tí ì kàn ọ́!"

Bàbá aláṣọ, tó ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbè é lẹ́sẹ̀ kíá. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Kò tí ì kàn án rárá."

Bàbá mi dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà, ó padà lọ jókòó. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin mairie béèrè bóyá ó ku ẹnikẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àwọn bàbá méjèèjì ní ó tán. Mo rí i tí bàbá mi la ẹnu, mo sì rí i tó pa á dé. Àgbà ti ní ó tán. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti pe àgbà ní òpùrọ́ lójú àlejò nìyẹn. Ìyá mi kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó kígbe pé, "Baba ọmọ mi, ẹ sọ ọ́!" Ohùn bíi mẹ́wàá ló bò ó mọ́lẹ̀, pé irú obìnrin wo nìyí. Bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà dìde. "Bon," ó ní, "ìgbà tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ wá bá mi." Ó gbé agolo ọ̀dà rẹ̀, ó kọjá sí òpópó kejì, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo júwe ibì kan ṣoṣo fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ri ẹ̀rọ wa mọ́, àwọn ará òpópó yẹn nìkan ni ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ sì ń ṣí i fún.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Bí ọkùnrin yẹn ṣe jáde, àwọn bàbá méjèèjì pín obì kan jẹ. Ara tù wọ́n! Bàbá aláṣọ tilẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ó ṣáà sàn bẹ́ẹ̀, kò lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn kan. Bàbá alábọ́ náà rẹ́rìn-ín pé òótọ́ ni. Wọ́n máa ń wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n wà lọ́jà o, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga, orí tèmi sì wọ́.

Ilé ìwé wọlé, èmi wà lórí ìlà. Nígbà tí ọdún yí po tí aṣọ búlúù yẹn kò gbà mí mọ́, bàbá mi tú u, ó fi rán ṣòkòtò fún ìkókó. Ìyá mi tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ dápàárá tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ tó ń kọjá lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ fi dé òpópó wa nígbẹ̀yìn, mo ti pọn ọmọ tèmi sẹ́yìn. Bàbá mi di arúgbó, mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àgbà ló wà níbẹ̀, ọmọ mi." Mo fẹ́ràn bàbá mi, mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú, mo sì ń bínú sí i títí dòní. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀, àwọn náà ló kọ́ wa ní òwe yẹn.

Ayé ti yí, mo gbà. Ní Niangon tí mò ń gbé báyìí, kò sí ọmọbìnrin tó ń gbé garawa kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀, báàgì ìwé ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi ń kàwé, lóòótọ́ mo bá yín sọ Yorùbá, ẹ fi Faransé dá mi lóhùn, inú mi ṣì dùn. Àmọ́ àwọn ọmọ-ọmọ bàbá alábọ́ àti ti bàbá aláṣọ ṣì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò ṣáájú lọ kí olórí ìlú lọ́jọ́ ọdún. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò mọ ti Ọ̀yọ́. Wọ́n wá bẹ̀ mí láìpẹ́ yìí pé kí n dá sí i, pé mo ti di àgbà. Mo ní kí wọ́n jáde nílé mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí mairie lọ gba ìwé kan. Ọmọbìnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì, ọmọ Yorùbá ni, kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ̀wé wàràwàrà láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé. Mo na àtàǹpàkò mi sí i. Ó rọra dì í mú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì fi ìnuwọ́ nù ún fún mi. Ó wá gbójú sókè, ó rí ojú mi.

"Mémé, pardon," ó ní, "ìyá àgbà, ẹ má bínú."

Mo ní, "Mò ń bínú, ọmọ mi. Kì í ṣe sí ìwọ."