A kì í fi èèbù san owó alágbàṣe

Inú mi ò dùn nígbà tí mo kúrò nílé láàárọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni mo bá wọlé!

Màmá mi, àgbẹ̀ oníṣu ní Kaboua, ní kí n sin àwọn lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wọn sí ní Ṣábẹ̀.

Akọ̀wé ibẹ̀ ní: "Ìyá, inú owó yín la ti ń yọ owó iṣẹ́ wa àti owó orí tó wà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún."

Màmá dìde fùú. "Ọmọ mi, èèbù iṣu tí mo gbìn ni owó yẹn o! Ta ló ń fi èèbù san owó alágbàṣe? Ẹ gba owó tiyín lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀, kí ẹ jẹ́ kí èèbù mi ta!"

Ojú tì mí. Mo ń rọra fà wọ́n láṣọ.

Akọ̀wé wọlé lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Ó fẹ̀rín jáde: "Ìyá, àyè wà! Ẹ lè san méjèèjì lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè rí ni."

Bàbá kan tó jókòó tì wá fa owó yọ lápò: "Ẹ gba tèmi náà!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Èmi olùkọ́ ìṣirò rèé, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fowó síbẹ̀, n ò béèrè rí.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń jẹ èèbù yín?