Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Tú Ìyanṣẹ́lódì Wa Ká

Ọdún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní yunifásítì aládàáni kan lẹ́yìn Mówè, níbi tí mo ti ń kọ́ni. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò ní ẹgbẹ́ níbẹ̀ mọ́. N kì í dáhùn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí pé èmi ni mo tú u ká, kò sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe títí mo fi lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù. Ó kú kí n tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí mo gbà á, gbogbo ibi tí mo wáṣẹ́ dé ni wọ́n ti ní mo ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì yìí ló wo ìwé mi, tó ní, "Ẹni tó ti fi ọwọ́ jó irin rí kò ní í sá fún iṣẹ́." Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí a ń jà fún kò pọ̀. Kì í ṣe owó oṣù. A ní kí wọ́n fún àwọn olùkọ́ ní yàrá kan tí ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí wọ́n fi àgbà olùkọ́ kan síbẹ̀ tí yóò máa fi ọ̀nà ìkọ́ni han àwọn tuntun, kí wọ́n sì fún ẹni tó ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé ní àyè ọdún kan láti lọ parí rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé olùkọ́ tí kò bá gba oyè ọ̀mọ̀wé láàárín ọdún méjì yóò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n fi kọ́ọ̀sì méjì kún iye tí oníkálukú ń kọ́. Wọ́n ní ká lọ pọnmi, wọ́n sì gba korobá lọ́wọ́ wa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá jù ni Ìyá Ìbejì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Ìbàfò ló ń gbé. Omi kànga agbègbè Ìfọ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ó ti bu omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ti ìgbà òjò sínú ìgò, ó lẹ orúkọ àdúgbò mọ́ wọn lára, ó tò wọ́n sínú fíríìjì ní yàrá ìwádìí. Ọdún kan péré ló nílò láti yẹ̀ wọ́n wò, kó sì kọ ọ́ jáde. Kọ́ọ̀sì méje ló wá wà lọ́rùn rẹ̀.

A da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣáájú, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnikẹ́ni kò wọ kíláàsì. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù da àwọn aláṣẹ láàmú. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ránṣẹ́ pé Bàbá alága ń bọ̀ fúnra rẹ̀, kí a rán ẹni mẹ́ta wá. Inú wa dùn. Wọn kò tíì pè wá sí ìpàdé kankan rí.

Wọ́n yan èmi, Ìyá Ìbejì àti Wálé, ọ̀dọ́ olùkọ́ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí a ṣe ń lọ, Ìyá Ìbejì fa apá aṣọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ o."

"Àgbà ni Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹ tẹrí ba, ẹ kí wọn, ó tó. Tí àyà yín bá ti kan ilẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa pè é."

Wálé rẹ́rìn-ín. "Ká kúkú lọ tọrọ pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ká dì í mọ́ wọn lẹ́yìn. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, pákó ò ní gbà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Bàbá ti jókòó nígbà tí a wọlé. Ó ti gbó ju bí mo ṣe rí i kẹ́yìn lọ. Ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí dáadáa.

"Àjàní," ó ní, "ṣé ìwọ náà nìyí?"

Oríkì mi nìyẹn. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́. Bàbá ti bi mí ní oríkì mi lọ́jọ́ tó gbà mí síṣẹ́. N kò mọ̀ pé ó rántí. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, àyà mi ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ bí fóònù kan ṣe ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Dìde, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ó ti tán."

Mo rò pé ìkíni mi ló ń dá lóhùn.

Ó ní òun ti gbọ́ ẹjọ́ wa, òun yóò rí sí i. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa." Akọ̀wé àgbà yunifásítì, tó dúró lẹ́yìn Bàbá, ló dá a lóhùn.

"Màdáámù, ẹ̀gbọ́n yín ti bẹ̀bẹ̀ tán, ẹ̀yin ṣì ń jà?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ìkíni ni mo kí, n kò bẹ̀bẹ̀: gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó ṣe é lóore, tí yóò tún dìde máa ṣàlàyé lójú rẹ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀? Wálé wò mí, ó wò mí, ó sì yí ojú kúrò.

Kí a tó rìn dé abẹ́ igi, àwòrán náà ti wà lórí Wasáàpù: ẹ̀yìn mi, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi, ọ̀pá Bàbá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn olùkọ́ ti tọrọ àforíjì, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àwọn kan ti ń kó báàgì wọn.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún wa pé ẹ̀bẹ̀ lẹ fẹ́ lọ bẹ̀," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "À bá ti sùn sílé láti ọjọ́ Ajé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìwé kan síwájú wa pé a kò ní í ṣe ẹgbẹ́ kankan mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Bí a bá ní ká wò ó, a rí nǹkan gbà. Yàrá náà ti wà. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára wọn. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń pe àwọn olùkọ́ tuntun jọ fún ọjọ́ kan, wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Àyè ọdún kan láti kàwé, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i gbà. Wálé ti lọ sí òkè òkun. Bàbá ti kú. Nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n fún Ìyá Ìbejì níwèé pé kó máa lọ. Wọ́n nílò fíríìjì náà fún nǹkan mìíràn, wọ́n da omi inú àwọn ìgò yẹn sí gọ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, n kò ní ìmọ̀ràn fún yín. N kò lè ní kí ẹ má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí Bàbá bá jí dìde lónìí, tó wọlé, tó pè mí ní Àjàní, ẹ̀rù ń bà mí pé ohun kan náà ni n óò ṣe.

Ìyá Ìbejì ń kọ́ni ní ilé ìwé girama kan ní Ìbàfò báyìí. Mo lọ bá a nílé lọ́dún tó kọjá. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi bọ̀ láti ọ̀nà. Bí mo ṣe ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú," ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀ mí. Èyí tẹ́ ẹ ti bẹ̀ ti tó."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó gbé àga fún mi, ó sì padà sídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Mo jókòó títí ó fi máàkì wọn tán. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ.