Nọ́ńbà Méjìdínláàádọ́ta

Òórùn tàdáwà àti karosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ máa ń kí ènìyàn ní Bajulaiye. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun nìkan ló kí mi fún oṣù mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó gbé mi láti orí ẹní ilé-kéwú dé ìdí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́: wọ́n kórìíra mi níbẹ̀, èmi náà sì kórìíra wọn.

Ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ló já síta. Ni Àlàájà tó ni ilé ìtẹ̀wé náà bá gbà mí síṣẹ́. Ó ní kí n ti ikùn gbogbo kọ̀ǹpútà pa, kí ẹni tó bá jí ọ̀kan gbé má lè ka ohunkóhun nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù sì ní páàsìwọ́ọ̀dù kan tirẹ̀ tí yóò máa fi wọ gbogbo ibi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ni gbogbo wọn jọ ń lò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àgbà ayàwòrán, tó kọ́ ọ̀pọ̀ wọn níṣẹ́, bi mí pé, "Ta ló jalè nínú wa?" Mo kọjá sídìí kọ̀ǹpútà tó kàn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n sọ mí ní Etí Àlàájà. Èmi náà kò ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Àṣẹ ni mo ń pa.

Ìwé kan wà tí bàbá yìí ti ń yà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán: ìwé tí àwọn ọmọdé yóò fi mọ lẹ́tà Lárúbáwá, àwòrán kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Kí n tó ti kọ̀ǹpútà náà, ó ní òun fẹ́ dà á sórí fíláàṣì. Mo ní òfin kò gbà á. Ó ní, "Jọ̀ọ́." Àgbà tó lè bí mi sọ pé jọ̀ọ́, mo nawọ́, mo gba fíláàṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà rí i lò.

Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí a tì ní nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tí a ó fi ṣí i lọ́jọ́ ìṣòro. Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ gbogbo wọn sórí abala ìwé kan ṣoṣo, mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo gòkè lọ jíṣẹ́ fún Àlàájà. N kò mọ àṣà wọn: wọn kì í da ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ nù. Òun ni wọ́n fi ń dán tàdáwà wò kí wọ́n tó ki ojúlówó ìwé bọ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tàdáwà ti bo abala náà níwájú lẹ́yìn. Mo panu mọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé n ó tún wọn tẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àìkú, iná wọlé pẹ̀lú agbára, ó jó bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà bàbá náà. Ẹnjiníà kan láti Akoka pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà ti rí bọ́ọ̀dù àjèjì, ó ní òun kò ní ṣí àfi pẹ̀lú nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta náà. Àlàájà bi mí pé níbo ni nọ́ńbà náà wà. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ba abala tí mo tẹ̀ ẹ́ sí jẹ́.

Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlàájà, orí tábìlì wa la bá a. Ṣé ká tẹ́ ẹní fún un ni?"

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló wò. "Olè ti jà níbí rí, kò mú ìwé mi. Ìwọ tí wọ́n ní kó o ṣọ́ ọ lo mú un lọ."

Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò padà wá mọ́.

Lónìí, mo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ọ́fíìsì ní Palmgrove, àlùhámúdù lílàhì. N kì í ti kọ̀ǹpútà kankan láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó pé kí ni kò gbọ́dọ̀ sọnù níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tèmi ni mo ń wò nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bẹ bàbá náà nílé rẹ̀ ní Bariga, kò jáde sí mi. Ní Jímọ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí, sàfú, ìlà tí a ń tò kírun, gbé wa pàdé, èjìká kan èjìká. Nígbà tí ìrun parí, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó sálámà. Ó yíjú sósì, sọ́dọ̀ mi, ó tọrọ àlàáfíà fún mi gẹ́gẹ́ bó ti jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó bá kírun. Ojú rẹ̀ kò rọ̀. Ó mú bàtà rẹ̀, ó lọ. Mo ṣe àmín sí i. Kò sí òmíràn tí mo lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.